Ibi Tí Orí Pánla Ti Ń Wá: Ìrìnàjò Mi sí Henningsvær

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn èèyàn wa sọ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí nìyí. Àwọn tí kò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ síta, mo sì kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an.

Ẹ̀yin bàbá wa, mo kí yín o. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú òtútù yìí náà. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àbúrò, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ibi iṣẹ́ òru bọ́ síbí láì tíì fojú kan oorun, Ọlọ́run á máa fún yín lókun. Ẹ tún bá mi kí àwọn ìyá tó wà ní kíṣìnì, torí òórùn ọbẹ̀ tó ń wọlé bọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀ gan-an ni mo gbé wá.

Mo ní ìbéèrè kan. Ta ló ti jẹ pánla rí nínú wa níbí? Ẹ nawọ́ sókè. Ẹ wò ó, gbogbo ilé! Ó dáa, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ta ló mọ ìlú tí wọ́n ti pa á? Ìlú o, mi ò bèèrè orílẹ̀-èdè. Ọwọ́ méjì péré.

Èmi náà ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló tọ́ mi dàgbà. Òkè-Arín ní Èkó ni ìyá mi ti tà á, ó ju ogún ọdún lọ. Mi ò sọ ti inú yìnyín tí gbogbo ayé ń pè ní pánla báyìí o. Pánla gbígbẹ ni mò ń sọ, èyí tó le bí igi, tí àwọn Ìgbò ń pè ní okporoko, tí àwa náà máa ń pè ní stọ́kìfíìṣì nígbà míì. Tá a bá ti ilé ìwé dé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la máa ń bá wọn tú àpò, a ó ya orí sọ́tọ̀, a ó ya ara sọ́tọ̀, màmá á gbé ayùn, wọ́n á máa rẹ́ ẹ. Lára ìrù àwọn ẹja kan a máa ń bá okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan níbẹ̀, wọ́n ti so ó kókó. Màmá kì í jẹ́ ká sọ okùn yẹn nù, òun ni wọ́n fi ń di ọ̀rá, òun ni wọ́n fi ń so kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù mọ́ ìgbànú, èmi gan-an, mo ti fi so bàtà lọ sílé ìwé rí. Mo sì máa ń rò ó nígbà náà, mo ní ta ló so kókó yìí? Ẹnì kan jókòó síbì kan ó ń so ó, ta ni?

Àwọn àgbà ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké erin. Mo rìn jìnnà o. Mo lọ wá ẹni tó so okùn yẹn.

Bí mo ṣe débẹ̀

Henningsvær lorúkọ ìlú náà. Ó wà ní Lofoten, àwọn erékùṣù tó tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ ní apá àríwá ilẹ̀ Nọ́wè. Ibẹ̀ ti kọjá ìlà tí wọ́n ń pè ní Arctic Circle, ìyẹn ni pé láti ìparí oṣù karùn-ún títí di àárín oṣù keje oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ rárá, aago méjìlá òru á lù, ilẹ̀ á ṣì mọ́ kedere. Tó bá wá di Disẹ́ńbà, oòrùn á ṣe bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ò ní yọjú. Èèyàn bí 500 ló ń gbé Henningsvær. Ẹ ronú sí i, àdúgbò kan ní Muṣin pọ̀ jù wọ́n lọ.

Oṣù kẹta ni mo lọ, torí mo ti gbọ́ pé ìgbà yẹn ni ẹja wà lókè. Láti ìlú yìí mo dé Oslo, láti Oslo mo dé Bodø, ní Bodø ni mo ti wọ bàálù kékeré kan tó ní abẹ̀bẹ̀ lápá, èèyàn inú ẹ̀ ò pé ogójì, kò sì fò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó fi balẹ̀ ní Svolvær. Svolvær ló dà bí olórí ìlú níbẹ̀, èèyàn bí 5,000. Níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń wọ èbúté, wọ́n ṣe ère obìnrin kan sórí àpáta, ìyàwó apẹja ni, ó na ọwọ́ sókè sí àwọn tó ń jáde lọ sójú òkun. Mo dúró wò ó pẹ́. Torí màmá àgbà tó bí ìyá mi, ará Ìlàjẹ ni wọ́n, ọkọ wọn apẹja ni. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé tí ọkọ̀ bá ti jáde, àwọn kì í sùn, àwọn á kàn dùbúlẹ̀ ni. Ẹni tó gbẹ́ ère yẹn ò mọ màmá àgbà mi o, àmọ́ ọwọ́ tó nà sókè yẹn, mo mọ̀ ọ́n.

Láti Svolvær mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Henningsvær, ó jẹ́ nǹkan bí 25 kìlómítà, ọ̀nà náà há mọ́ àárín òkè àti omi. Orí àwọn erékùṣù kékeré ni ìlú yẹn dúró sí, 1983 ni afárá tó so ó mọ́ erékùṣù ńlá parí, ṣáájú ìgbà yẹn, ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń gbé ni débẹ̀. Òkè kan wà lẹ́yìn ìlú tó ń jẹ́ Vågakallen, ó ga ní 942 mítà, ó yọ gàgàrà láti inú omi bí ẹni dìde láti orí ìjókòó. Àwọn àgbà wọn ní òmìrán ni tẹ́lẹ̀, pé oòrùn ló yọ bá a níta tó fi di òkúta. Àwọn apẹja ayé àtijọ́, tí ọmọdékùnrin bá kọ́kọ́ bá wọn wọkọ̀ débẹ̀, wọ́n á ní kó ṣí fìlà fún òkè náà kó tó kọjá. Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta tó jókòó síbí yìí, ẹ mọ ohun tí Olúmọ jẹ́ fún yín, mi ò ní láti ṣàlàyé ìyẹn jù.

Òtútù àti atẹ́gùn ló ń sè é

Mo sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ohun tó kọ́kọ́ kò mí, ẹ bá mi sọ ọ́, kí ni? Òórùn! Òórùn Òkè-Arín! Mo dúró lójú ọ̀nà níbẹ̀, yìnyín wà nílẹ̀, imú mi ti fẹ́ jábọ́ nítorí òtútù, ó sì ń ṣe mí bíi pé kí n wẹ̀yìn kí n rí ìyá mi pẹ̀lú ayùn lọ́wọ́. Omi bọ́ lójú mi, mi ò parọ́ fún yín. Àwọn ará ibẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ tí àlejò bá yínmú sí òórùn yẹn, wọ́n á ní òórùn owó ni.

Mo gbójú sókè, mo rí i. Igi lórí igi, wọ́n kàn án bí àtíbàbà tí ò lórí, ó ga ju ilé lọ, ó kún orí àpáta láti ibí títí dé etí omi, ẹja ló so rọ̀ lórí ẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, méjì méjì, orí ti kúrò lọ́rùn wọn, ìrù lókè, ọrùn nílẹ̀. Hjell ni wọ́n ń pe igi náà. Atẹ́gùn á fẹ́, ẹja tó ti ń gbẹ á máa kan ara wọn, kó-kó-kó, bí ìgbà tí ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn ẹ lóru.

Kí ni wọ́n fi sí i? Iyọ̀ ńkọ́? Wọn ò fi iyọ̀ sí i. Iná ńkọ́? Kò sí iná, kò sí èéfín. Atẹ́gùn àti òtútù nìkan ni. Àwa nílé, tá a bá fẹ́ gbẹ ẹja, iná la máa dá sábẹ́ ẹ̀, torí tá a bá gbé e síta báyẹn ní Èkó, kó tó di ọ̀sán eṣinṣin ti gbà á, kó tó di alẹ́ ó ti rà. Ti Lofoten yàtọ̀. Omi gbígbóná díẹ̀ kan ń ṣàn nínú òkun láti apá ìsàlẹ̀ ayé wá dé ọ̀dọ̀ wọn, òun ni kì í jẹ́ kí òtútù ibẹ̀ pọ̀ bó ṣe yẹ kó pọ̀ níbi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí àríwá, èbúté wọn kì í di yìnyín. Láti Fẹ́búárì sí oṣù karùn-ún, òtútù ibẹ̀ máa ń wà ní bèbè ibi tí omi ti ń di yìnyín, kò ní lọ sókè jù, kò ní lọ sílẹ̀ jù. Tí òtútù bá pọ̀ jù, yìnyín á fọ́ ẹran ara ẹja náà, á bàjẹ́. Tí ooru bá tètè dé, eṣinṣin á dé, á bàjẹ́. Àárín méjèèjì ni wọ́n wà, ìdí tí ibi tó lè ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò fi pọ̀ nìyẹn. Ẹja tó bá jẹ́ kílò márùn-ún ní tútù, tó bá gbẹ tán, nǹkan bíi kílò kan ló máa kù. Tí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀ lórí igi, wọ́n á tún tọ́jú ẹ̀ sínú ilé fún bí oṣù méjì mẹ́ta kó lè dé ojú ẹ̀.

Mo rí bàbá kan tó ń so ẹja lórí tábìlì nínú ilé kan tí ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣí sílẹ̀. Wọ́n á mú ẹja méjì, wọ́n á ri i pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà, wọ́n á fi ìrù kan ìrù, wọ́n á yí okùn po ó, wọ́n á ta kókó, wọ́n á fà á. Kíá, ó ti parí, òmíì. Mi ò lè sọ fún yín bí ó ṣe rí lára mi. Kókó yẹn ni! Kókó tí mo fi eyín tú ní Òkè-Arín lọ́mọ ọdún mẹ́jọ! Mo kí wọn, wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, wọ́n ní níbo ni mo ti wá, mo ní Nàìjíríà. Bàbá náà gbójú sókè, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ọwọ́ tó kún fún omi ẹja kan orí ara wọn, wọ́n ní, "Orí! Orí!"

Torí wọ́n mọ̀. Wọ́n mọ ẹni tó ń jẹ orí.

Orí, ahọ́n, àti àwọn ọmọdé

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ nìyí. Àwọn ará Ítálì ló ń ra ara ẹja tó dáa jù, ó sì ti pẹ́. Ìparí ọdún 1431 ni ọkọ̀ ọlọ́jà ará Fẹ́nísì ní Ítálì kan tó ń jẹ́ Pietro Querini rì, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1432 omi gbé e débi erékùṣù Røst ní ìpẹ̀kun Lofoten, àwọn apẹja ibẹ̀ gbà á sílé, wọ́n fún un jẹ, nígbà tó ń padà lọ ó gbé ẹja gbígbẹ dání, àwọn èèyàn ẹ̀ sì ń jẹ ẹ́ títí dòní. Tí ẹja bá gbẹ tán, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa ṣa á lọ, wọ́n á gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, wọ́n á gbóòórùn ẹ̀, wọ́n á yẹ ọrùn ẹ̀ wò, wọ́n á pín in sí oríṣiríṣi tó lé ní mẹ́wàá dáadáa. Èyí tó dáa jù ń jẹ́ Prima, èyí tó tẹ̀ lé e ń jẹ́ Sekunda, èyí tó wà nísàlẹ̀ ń jẹ́ Afrika.

Mo gbọ́ ariwo yẹn. Ó dùn mí díẹ̀ lóòótọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká gbé e yẹ̀ wò. Ohun tí ará Ítálì ń wá nínú pánla kọ́ làwa ń wá. Òun fẹ́ ẹran tó funfun tó rọ̀, tó máa rẹ sómi fún ọjọ́ púpọ̀. Àwa ńkọ́? Àwa fẹ́ èyí tó máa ta sánsán nínú ẹ̀gúsí, tó máa gba ata, tí egungun ẹ̀ á ṣeé fà. Màmá mi tí ẹ bá gbé Prima fún, wọ́n á ní ẹja yìí ò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ẹnu kálukú ló mọ adùn tiẹ̀.

Orí wá ńkọ́? Wọn kì í jẹ orí gbígbẹ níbẹ̀. Wọ́n á fi okùn gun orí náà, wọ́n á so ó pọ̀ bí ìgbà tá a so àgbàdo mọ́ àjà fún irúgbìn, wọ́n á gbé e kọ́. Orí lókè, orí nílẹ̀, gbogbo wọn lanu. Ọ̀dọ̀ wa ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ ń wá. Ẹ gbọ́ mi o: tí kì í bá ṣe ọbẹ̀ ìyá yín, orí yẹn ò ní ẹni tó máa rà á.

Àmọ́ kí orí tó dé orí igi, ọwọ́ ọmọdé ló kọ́kọ́ ń kọjá. Ní Lofoten, àwọn ọmọdé ló ni ahọ́n ẹja, bó ṣe wà láti ìgbà pípẹ́ nìyẹn. Tí wọ́n bá ti ilé ìwé dé, wọ́n á wọ aṣọ rọ́bà, wọ́n á wọ bàtà òjò, wọ́n á gba ibi tí wọ́n ti ń pa ẹja lọ. Mo rí ọmọbìnrin kan, kò lè ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ. Irin ṣóńṣó kan dúró lórí tábìlì iwájú ẹ̀. Á ki ọwọ́ sí orí ẹja nínú bákẹ́ẹ̀tì ńlá, á gbé orí náà kọ́ irin yẹn lábẹ́ àgbọ̀n, á fi ọ̀bẹ kan yí i, ahọ́n bọ́ sínú ike, orí bọ́ sí apá kejì. Mo kà á, kò gba ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Ahọ́n yẹn, wọ́n ń dín in jẹ níbẹ̀, ó sì lówó lórí. Wọ́n ń fi ra kẹ̀kẹ́, wọ́n ń fi ra fóònù, àwọn míì ń tọ́jú ẹ̀ sí báǹkì di ọjọ́ tí wọ́n bá dàgbà.

Mo wo ọmọbìnrin yẹn, mo rántí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Òun náà ti ilé ìwé dé ni. Òun náà ń bá àwọn àgbà ṣe iṣẹ́ ẹja ni. Orí tó jù sí apá kejì yẹn, ọmọ kan ní Òkè-Arín tàbí ní Àríárìyà ní Abá ló máa tú u nínú àpò. Àwọn méjèèjì ò ní mọ ara wọn láéláé, bẹ́ẹ̀ orí kan náà ló kọjá lọ́wọ́ wọn. Àwa àti ìlú kékeré yẹn ti ń bọ́ ara wa tipẹ́tipẹ́. Nígbà ogun abẹ́lé wa, láti 1967 sí 1970, nígbà tí ebi ń pa àwọn ọmọ ní Biafra, pánla wà lára ohun tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Nọ́wè àtàwọn tó kù ń fi bàálù gbé wọ ibẹ̀ lóru. Ẹnì kan wà nínú yàrá yìí lónìí tó jẹ nínú pánla yẹn, wọ́n ti sọ fún mi kí n tó dìde, wọ́n ní kí n má dárúkọ àwọn. Mo kí yín, sà.

Òkun tí wọn ò jẹ́ kó kú

Ẹja tí mò ń sọ yìí, skrei ni wọ́n ń pè é. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni arìnrìnàjò. Inú òkun Barents ló ń gbé, lọ́hùn-ún lápá òkè, tó bá di Jánúárì á bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ bọ̀, ó tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà, á wá yé ẹyin sí Vestfjorden lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lofoten, tó bá di oṣù kẹrin á padà sílé. Ọdọọdún ni. Nítorí ẹja yẹn ni ìlú fi wà níbẹ̀. Ní nǹkan bí 1120, ọba wọn Øystein ti ní kí wọ́n kọ́ ilé fún àwọn apẹja tó ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn apẹja tó máa ń wá pẹja níbẹ̀ lásìkò yẹn ju 30,000 lọ, nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ wà. Ní Kabelvåg tó wà nítòsí, ṣọ́ọ̀ṣì onígi kan wà tí wọ́n kọ́ ní 1898, èèyàn 1,200 ló ń gbà, ó tóbi ju ìlú náà lọ, torí àwọn apẹja àlejò ni wọ́n ṣe kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, àwọn náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti bómi lọ. Àmọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe dìde gbèjà ẹja yìí. Ní 1890, ẹja wọ inú Trollfjord, omi tó há láàárín òkè méjì ni, ibi ẹnu ẹ̀ kò ju nǹkan bí 100 mítà lọ. Àwọn ọlọ́rọ̀ tó ní ọkọ̀ onísítíìmù gbé àwọ̀n ńlá dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ wọlé pẹja á sanwó. Àwọn mẹ̀kúnnù inú ọkọ̀ kékeré kò gbà, wọ́n já wọ àárín wọn pẹ̀lú àjẹ̀ àti ìwọ̀, sítíìmù gbígbóná ń tú jáde sí wọn lára, wọ́n sì borí. Lẹ́yìn ìjà yẹn, òfin de irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ ní Lofoten.

Ọ̀rọ̀ náà ò tán síbẹ̀. Ní 1989, wọ́n rí i pé ẹja ti dín kù gidi, ìjọba dá àwọn apẹja etíkun dúró láàárín ọdún, láti 1990 ni wọ́n ti ń pín iye tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lè pa. Ó le fún wọn o, àwọn kan tà ọkọ̀. Ẹja padà. Báyìí ó tún ti ń dín kù, Nọ́wè àti Rọ́ṣíà tó jọ ni omi yẹn gé iye tí wọ́n lè pa ní 2025 sí 340,000 tọ́ọ̀nù, nígbà yẹn, kò tíì kéré tó bẹ́ẹ̀ láti 1991. Ìdí tí owó orí pánla fi ń lọ sókè lọ́jà nílé, apá kan nìyẹn, kì í ṣe dọ́là nìkan, ẹ má bá ìyá ọlọ́jà jà mọ́.

Epo rọ̀bì wá ńkọ́? Wọ́n gbà pé ó wà lábẹ́ omi Lofoten àti Vesterålen, àwọn erékùṣù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ilẹ̀ Nọ́wè tí epo sọ di olówó, ẹ rò ó pé wọ́n á ti gbẹ́ ẹ tipẹ́. Wọn ò gbẹ́ ẹ. Àwọn apẹja àtàwọn ọ̀dọ́ ló kọ̀, ìjọba kan lọ, òmíì dé, wọ́n ń sọ ọ́, wọ́n ń jà sí i, ní 2019 ẹgbẹ́ òṣèlú Labour wọn tó tóbi gan-an náà yọwọ́, dòní yìí wọn ò tíì máa wa epo níbẹ̀. Mo jókòó sórí àpáta ní Henningsvær, mò ń rò ó. Mo rò ó dé Ìlàjẹ, mo rò ó dé Aiyétòrò, ìlú tí àwọn èèyàn wa dá sílẹ̀ létí òkun ní 1947, tó ní iná mànàmáná tirẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ò ní, tí òkun ti jẹ ilé lórí ilé níbẹ̀ báyìí, tí ṣọ́ọ̀ṣì àti itẹ́ òkú ń bọ́ sómi. Epo wà lábẹ́ omi tiwọn náà. Ta ló bi àwọn apẹja Ìlàjẹ léèrè kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ? Ẹnì kankan bi màmá àgbà mi léèrè? Ó ń dùn mí, ẹ má bínú pé ohùn mi lọ sókè.

Idì, pápá bọ́ọ̀lù, àti ìmọ́lẹ̀ òru

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ti ń retí pápá bọ́ọ̀lù látàárọ̀, mo mọ̀. Ẹ ti rí fọ́tò ẹ̀ lórí fóònù. Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí àpáta ní ìpẹ̀kun ìlú, omi lápá ọ̀tún, omi lápá òsì, kò sí àga òǹwòran, ẹja gbígbẹ ló ń wòran. Mo bá àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta kan gbá a díẹ̀. Tí bọ́ọ̀lù bá fò kọjá, ó di tòkun.

Idì inú omi wọn tóbi, apá ẹ̀ tó bá nà án lè tó mítà méjì àti ààbọ̀ dín díẹ̀. Ọ̀kan bà sórí òpó níwájú ilé tí mo sùn, ó jẹ́ kí n mu tíì tán kó tó lọ. Irú ilé tí mo sùn yẹn, rorbu ni wọ́n ń pè é, ilé apẹja ni tẹ́lẹ̀, orí ẹsẹ̀ igi ló dúró sí nínú omi bíi ti Mákòókó, wọ́n kùn ún ní pupa. Àlejò ló ń sùn nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ báyìí.

Alẹ́ ọjọ́ kẹta ni mo rí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run tí wọ́n ń pè ní Northern Lights. Mo ti wọ pijámà, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń pariwo níta, mo fi kóòtù bora mo jáde. Ó kọ́kọ́ dà bí ìkùukùu funfun lásán. Ó wá gùn, ó di àwọ̀ ewé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mì bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn tí atẹ́gùn ń gbé, etí ìsàlẹ̀ ẹ̀ pọ́n díẹ̀, kò dún rárá. Lábẹ́ ẹ̀ ni ẹja ń kan ara wọn kó-kó-kó. Mo pe Ọlọ́run. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, ẹ gbọ́: oṣù kẹta dáa jù tó bá jẹ́ ẹja lẹ fẹ́ rí, oṣù kẹfà tó bá jẹ́ oòrùn òru. Ẹ ra nǹkan onírin tí wọ́n ń so mọ́ bàtà, yìnyín ibẹ̀ á gbé èèyàn ṣubú. Oúnjẹ wọ́n gidi, ẹ gbé gaàrí dání. Àwọn ará ìlú bẹ̀bẹ̀ pé kí àlejò má wọ abẹ́ igi ẹja, kó má sì fi dírónù dà wọ́n láàmú, torí nígbà ooru àlejò ń pọ̀ ju onílé lọ. Tẹ́ ẹ bá ní mọ́tò, ẹ wà á lójú ọ̀nà E10 títí tó fi tán, abúlé tó tán sí ń jẹ́ Å, lẹ́tà kan ṣoṣo lorúkọ ẹ̀, ibẹ̀ ni mùsíọ́ọ̀mù pánla wà.

Mo fẹ́ jókòó. Ọjọ́ tí mo fẹ́ kúrò, mo pe màmá lórí fídíò, mo yí fóònù sí àwọn igi yẹn. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Gbogbo èyí wà níta lóru? Ta ló ń ṣọ́ ọ?" Mo ní kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ, màmá. Wọ́n ní, "Hẹn-ẹn. Gbé fóònù sún mọ́ ìrù ẹ̀." Mo gbé e sún mọ́ ọn. Wọ́n ní, "Okùn yẹn náà ni." Mo ní òun náà ni, màmá, mo ti rí ẹni tó ń so ó, bàbá arúgbó kan ni. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí wọn, kí n sọ fún wọn pé kókó wọn le, pé ó máa ń bó èékánná àwọn. Mo padà lọ jíṣẹ́ náà. Bàbá yẹn rẹ́rìn-ín títí, wọ́n wá so méjì pọ̀ fún mi, wọn ò gba owó, wọ́n ní ti ìyá mi ni. Ó tutù nígbà yẹn, mi ò lè gbé e wọ bàálù, wọ́n bá fi èyí tó ti gbẹ lọ́dún tó kọjá pààrọ̀ ẹ̀.

Ọ̀kan ti wà ní Èkó lọ́wọ́ màmá. Ìkejì ló wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé níbẹ̀ yẹn, okùn ìrù ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀. Ẹ wá fọwọ́ kàn án kí àwọn ìyá tó gbé e lọ sí kíṣìnì. Ẹ ṣé o.